Ọmọ ti padà sílé láti ìsinmi, ásímà kò tíì fi í lọ́rùn sílẹ̀

Ìyá Ìbejì, Apẹtẹ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ Ìdòwú mi ni mo gbé wá, ọmọ tó tẹ̀lé àwọn ìbejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, láti kékeré ló sì ti ní ásímà. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nínú òjò yìí náà, a mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ṣakí. Yàrá àlejò ni wọ́n fi í sí. Fèrèsé yàrá náà kì í sábà ṣí, fóòmù tó wà níbẹ̀ ti dàgbà ju ọmọ náà lọ, rọ́ọ̀gì sì bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀, kò pẹ́ tó dùbúlẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Wọ́n fún un ní inhaler búlúù rẹ̀, ó rọlẹ̀, gbogbo wọn ní ó ti tán. Nígbà tó di òru, ó tún dé, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó sú mi ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. A ti mú un padà sílé, orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ló ń sùn, ó sì ti lé lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nǹkan tí kò ṣe é rí ló wá ń ṣe é báyìí. Tí mo bá ń dín ata, ikọ́. Tí Kẹ́hìndé bá fín lọ́fíńdà, ikọ́. Tó bá rẹ́rìn-ín jù, àyà rẹ̀ á dí. Afẹ́fẹ́ ìdájí gan-an ti di ọ̀tá rẹ̀. Kò sí fóòmù Ṣakí níbí, kò sí rọ́ọ̀gì. Báwo ni ohun tó ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn ṣe tún ń bá a jà nílé?

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́ pé mo ní yàrá wọn ló fà á, inú wọn kò sì dùn. Wọ́n ní ṣé ilé àwọn dọ̀tí ni. Ilé wọn kò dọ̀tí rárá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbá a, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nù ún. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá nǹkan sílẹ̀ láàárín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Ṣé ọmọ yìí ṣì lè lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà?

Ọmọ Òkè-Ògùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ní tèmi o, ìdí ọ̀rọ̀ wà ní kíṣíìnì yín. Èéfín ata kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹlẹ́mìí. Ẹ máa gbé sítóòfù síta, ẹ má sì jẹ́ kó máa mu omi tútù. Fóòmù kò lè ti Ṣakí tẹ̀ lé èèyàn dé Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀dọ̀fóró, Leeds:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì pẹ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn ẹ̀dọ̀fóró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo máa ń wọn bí èémí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Èmi fúnra mi ní ásímà láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ yín sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ibi tó ta kókó sí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí kì í rí: wọ́n á rí èéfín tó ń fa ikọ́ lónìí, wọn kò ní rántí ibi tí ọmọ sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ata yín kọ́. Ará Òkè-Ògùn, ẹ má bínú sí mi: lóòótọ́ ni èéfín ata ń ta gbogbo wa, ṣùgbọ́n ìyá yìí ti ń dín ata nínú kíṣíìnì kan náà kí ọmọ tó lọ sí Ṣakí, ọmọ kò sì wúkọ́. Ata kò yí padà. Ọ̀nà èémí ọmọ ló yí padà.

Nínú fóòmù àtijọ́, nínú ìrọ̀rí àti rọ́ọ̀gì, kòkòrò inú eruku kan wà tí wọ́n ń pè ní dust mite, kò gùn tó ìdajì mìlímítà. Èépá awọ ara wa tó ń bọ́ sórí ibùsùn ló ń jẹ, ọ̀rinrin ló ń mú un gbèrú, nítorí náà ìgbà òjò bá a lára mu. Kì í gé èèyàn jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà, torí ó kúnná bí àtíkè. Bí ọmọ bá ti ju ara sórí fóòmù, á gbọ̀n sókè, ọmọ á sì fà á símú. Ẹ bá mi sọ fún ìyá wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ilé tí wọ́n ń gbá láàárọ̀ lálẹ́ ní in. Inú fóòmù ló ń gbé, ọwọ̀ kò sì lè wọ ibẹ̀.

Nínú ara ẹni tí kò gba ìgbẹ́ kòkòrò yìí, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní IgE tó ti lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọ̀nà èémí, tó ń dè é. Bí ó bá ti kàn án, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á tú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní histamine àti leukotriene jáde, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á sì fún pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Òun ni ìsúfèé àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà gbọ́. Inhaler búlúù máa ń tú iṣan yẹn, ó sì tú u lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n bí iṣan ṣe ń tú, nǹkan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní eosinophil, ń ya wọ ara ọ̀nà èémí. Ibẹ̀ ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tó bá tó bíi wákàtí 3 sí 4 lẹ́yìn tí ọmọ ti fa nǹkan náà símú, ìdíwọ́ kejì lè bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń le jù láàárín wákàtí 6 sí 12. Ẹ wá fi wé òru ọjọ́ yẹn ní Ṣakí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ásímà ló ń rí ìkejì yìí, ṣùgbọ́n Ìdòwú rí i, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí láìṣiyèméjì púpọ̀.

Torí ẹni tó bá rí ìkejì ló sábà máa ń rí ìkẹta, ìkẹta kò sì ní ariwo. Nígbà tí wíwú yẹn bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀nà èémí á dà bí ojú egbò: ohun tí awọ tó jinná kò ní kà sí ló máa ta á. Èéfín, lọ́fíńdà, ẹ̀rín, eré sísá, afẹ́fẹ́ tútù, IgE kò bá ìkankan nínú wọn ṣọ̀tá. Iṣan ọ̀nà èémí ló ti di èyí tó ń tètè fún pọ̀ sí ohunkóhun. Èyí lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá tí ẹni náà bá sun orí nǹkan náà lóru tó tẹ̀ léra.

A máa ń wọn èyí. A ó fún èèyàn ní èròjà kan, methacholine, kó máa fà á símú. Díẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa mú un le sí i, lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan a ó ní kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí èémí tó ń fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ bá ti fi ìdá 20 nínú 100 dín kù, a ó dúró. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ kò ní wàhálà lè gba gbogbo rẹ̀ tán láìdé ibẹ̀. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé èyí tó kéré jù ló gbà tó ti débẹ̀, ẹni náà sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò wúkọ́ kankan.

Ní 1977, Donald Cockcroft, Freddy Hargreave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Hamilton ní Kánádà fún àwọn tó ní ásímà ní ohun tí ara wọn kọ̀ láti fà símú, wọ́n sì wọn ọ̀nà èémí wọn ṣáájú àti lẹ́yìn. Àwọn tó rí ìdíwọ́ kejì ni ọ̀nà èémí wọn wá ń tètè fún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní 1982, Thomas Platts-Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá yí i padà: ní London, wọ́n kó aláìsàn 9 tí ara wọn kọ̀ kòkòrò inú eruku kúrò nílé wọn, wọ́n fi wọ́n sí yàrá ilé ìwòsàn tí kò ní eruku ilé fún oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà èémí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tètè ń fún pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yẹn máa ń fún mi lókun. Ó fi hàn pé ó lè rọlẹ̀. Ó sì fi hàn pé kì í rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan, èyí sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín nípa ọ̀sẹ̀ tí ó ti lé yẹn.

Ológbò ni tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bradford ń sin ín. Tí mo bá lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé, imú mi á yún mi díẹ̀, ó parí. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń mọ̀ ọ́n, tí mo bá ń gun òkè lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù tí àyà mi wá ń fún, bẹ́ẹ̀ òkè kan náà ni mo gùn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú láìsí nǹkan kan.

Alábúrẹ́dì Abẹ́òkúta:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ní kí n kàn ka ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni, ó wá di ọ̀rọ̀ tèmi. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń da fláwà tí mo sì ń pò ó. Lójú iṣẹ́, kò ju pé kí n máa sín lọ. Alẹ́ ni ikọ́ ń dé, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ̀ tí mo sì ti jẹun. Ìyàwó mi ní ilé wa ló lọ́rinrin. Ṣùgbọ́n tí a bá gba ìsinmi Iléyá tí mo lọ sábúlé, àyà mi máa ń fúyẹ́, kì í kàn ṣe lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kí n padà ni mo máa ń mọ̀ pé mo ń mí dáadáa. Tí mo bá wá padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ní pẹ́, àyà mi á tún dí. Ṣé fláwà lè ṣe bíi fóòmù?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀dọ̀fóró, Leeds:

Ẹ̀gbọ́n, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni: dókítà kan ará Ítálì, Bernardino Ramazzini, ti kọ̀wé ní 1700 nípa ìnira èémí tí ìyẹ̀fun ń fà fún àwọn alábúrẹ́dì. Fláwà àlìkámà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ara kọ̀, amylase, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí búrẹ́dì lè dáa, náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pé alẹ́ ni ikọ́ yín ń dé kò yọ iṣẹ́ yín kúrò nínú ẹ̀sùn, ìdíwọ́ kejì ló jọ. Pé ó pẹ́ díẹ̀ lábúlé kí àyà yín tó fúyẹ́ tún bá ìkẹta mu.

Ẹ ra peak flow meter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí. Ẹ máa fẹ́ ẹ nígbà mẹ́rin lóòjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà nísinmi, kí ẹ wá gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún un kó tó béèrè. Ẹ má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò. Níbi iṣẹ́, ẹ má máa ju àpò fláwà sílẹ̀ kó tú eruku, ẹ rọra máa dà á, ẹ fi aṣọ tútù nulẹ̀ dípò ọwọ̀, ẹ sì bo imú pẹ̀lú ìbòmú gidi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé eruku kékeré kò tó nǹkan. Ní Barcelona, láàárín 1981 sí 1987, ọjọ́ 26 ni àwọn tó ní ásímà kún ilé ìwòsàn lójijì tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Àwọn olùwádìí wá rí i pé ọjọ́ tí wọ́n ń tú ẹ̀wà sóyà kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté ni. Eruku èèpo sóyà ló ń fẹ́ wọ ìlú. Wọ́n fi asẹ́ sí ilé ìkẹ́rù tí eruku náà ti ń jáde, ìyọnu náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn kò fi oògùn lé e lọ, ibi tó ti ń wá ni wọ́n dí.

Ìyá Ìbejì, Apẹtẹ:

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Àbúrò ọkọ mi ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá wa ní Ṣakí. Ibi tí ẹ ti ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, wọ́n ní kó tún un kà. Wọ́n wá ní kí n bi yín bóyá kí àwọn sá fóòmù náà sóòrùn. Ọkọ mi náà ní ìbéèrè: tí a bá fún ọmọ ní inhaler búlúù kó tó wọ yàrá yẹn, ṣé kò ní dáàbò bò ó? Dókítà tún kọ inhaler aláwọ̀ ilẹ̀ fún un, láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní sítẹ́rọ́ìdì ni, pé kì í jẹ́ kí ọmọ ga. Owó rẹ̀ náà kò kéré mọ́, láti 2023 ni inhaler ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀dọ̀fóró, Leeds:

Ẹ bá mi kí ìyá wa, ẹ ní mo kúnlẹ̀. Kí wọ́n sá a. Oòrùn tó mú dáadáa ń pa kòkòrò náà: ní Sydney, ní 1994, Euan Tovey àti Ann Woolcock tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú oòrùn, kòkòrò inú rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ kò kú, òun ló sì ń fa ìjà. Nítorí náà kí wọ́n lu fóòmù náà níta, kí Ìdòwú wà lọ́nà jíjìn, kí aṣọ ibùsùn sì bọ́ sínú omi gbígbóná, ìwọ̀n 60 lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, tàbí omi tí ọwọ́ kò lè dúró nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, n ó ká rọ́ọ̀gì yẹn jáde pátápátá, n ó ṣí fèrèsé, n ó sì gbàgbé fóòmù àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn lórí ẹní tí wọ́n ti gbọ̀n tí wọ́n sì ti sá. Tí ẹ bá lágbára fóòmù tuntun, ẹ rán èpo, ìyẹn àpò tó bò ó yíká, sí i, èyí tí aṣọ rẹ̀ há tó sì ní síìpù yíká. Ní Manchester, wọ́n pín ọmọ 284 sí méjì, wọ́n fún àwọn kan ní irú èpo bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù gba èyí tí kò lè dá nǹkan dúró. Ní 2017 wọ́n sọ àbájáde rẹ̀, àwọn tó sùn lórí èpo gidi kò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn yòókù nítorí ásímà tó le. Kì í ṣe ohun tí ẹ ó dá gbára lé ní òun nìkan o, torí nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn àgbà, kò yí nǹkan padà.

Ti ọkọ yín: inhaler búlúù kó tó wọlé, rárá. Ó máa ń dí àkọ́kọ́. Kì í dí ìkejì, kì í sì dí ìkẹta. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni pé ọmọ kò ní súfèé, ẹ ó rò pé yàrá ti dáa, á sun ibẹ̀ mọ́jú, á máa fa nǹkan náà símú ní gbogbo òru. Cockcroft kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn ní 1993 pé ẹni tó bá ń lo salbutamol, oògùn inú inhaler búlúù, déédéé lójoojúmọ́, ọ̀nà èémí rẹ̀ á túbọ̀ máa fún pọ̀ sí ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Ìgbà tí èémí bá há ni kí ẹ lò ó, ìgbà náà ni ó wúlò jù, ó sì gbọ́dọ̀ wà lápò ọmọ níbikíbi.

Aláwọ̀ ilẹ̀ ni ẹ máa di mú. Òun ló ń fa wíwú yẹn walẹ̀, òun ló lè dí ìkejì, tí ọmọ bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀, bóyá àyà ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ torí pé ara yá, ọ̀nà èémí á padà sí bó ṣe wà. Lórí ọ̀rọ̀ gíga, aládùúgbò yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe tó: nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n lo budesonide, irú sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fà símú, fún ọdún díẹ̀ tí wọ́n sì tọ̀ lẹ́yìn títí wọ́n fi dàgbà, ohun tí wọ́n fi kúrú sí àwọn yòókù kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1.2 lọ. Mo ti rí ọmọ tí ásímà kò jẹ́ kó sùn, kò jẹ́ kó jẹun, kò jẹ́ kó lọ síléèwé. Èmi yóò yan sẹ̀ǹtímítà kan yẹn. Kó máa fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn tó bá lò ó, kí dókítà sì máa wo bóyá wọ́n lè dín in kù.

Lórí owó: kí èyí tí ẹ rà má baà ṣòfò sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ lo spacer, ike tí oògùn inhaler ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹnu. Tí kò bá sí, ẹ mú ike omi 500 ml tó mọ́, ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnu inhaler wọ ibẹ̀ gírígírí, ẹ fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ yíká kí afẹ́fẹ́ má jáde, kí ọmọ máa mí láti ẹnu ike. Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town dán an wò lára àwọn ọmọ tí ásímà gbé wá sílé ìwòsàn, ní 1999 wọ́n kọ ọ́ pé ike tí wọ́n dí dáadáa ṣiṣẹ́ bíi èyí tí wọ́n ń tà.

Ó lè lọ sí Ṣakí. Ẹ jẹ́ kí àyà rẹ̀ kọ́kọ́ dákẹ́ nílé ná, kó má ṣe é sí èéfín àti ẹ̀rín mọ́, kí yàrá sì ti yí padà kó tó débẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú ìwé fún ìyá wa: tí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan tán kó tó mí, tí ẹran ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tí ètè rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí tí ìsúfèé bá dákẹ́ lójijì tó sì ń rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un ní búlúù lọ́nà ilé ìwòsàn, kí wọ́n má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.